Lúkúlúkú Kò Mọ Ààlà Ilé

Ìgò kan àjẹsára lúkúlúkú, àrùn tó ń pa adìẹ, sábà máa ń tó fún adìẹ 100 tàbí 200. Bí wọ́n bá ti po ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ omi, ọjọ́ yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ tán. Kò ṣeé tọ́jú di ọ̀la. Ẹ wá fi èyí wo ìyá kan ní Òsí tó ní àgbébọ̀ mẹ́rin, àkùkọ kan àti òròmọdìẹ méje tí wọ́n ń ṣa nǹkan jẹ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ṣé yóò ra oògùn igba adìẹ nítorí adìẹ méjìlá, kó sì da ìyókù sí kòtò? Kò ní rà á. Aládùúgbò rẹ̀ tó ní mẹ́sàn-án kò ní rà á náà. Bí ọyẹ́ bá wá dé, tí adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé lórí ìdúró, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ di omi aláwọ̀ ewé, tí ọrùn àwọn kan sì lọ́ sẹ́yìn, ilé méjèèjì ni yóò jọ máa wa kòtò.

Ohun tó ń pa adìẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì Kwara àti ti Òkè-Èrò kì í ṣe àìsí oògùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀lẹ àwọn obìnrin tó ń sin wọ́n. A ti fi olúkúlùkù sílẹ̀ kó máa dá jà pẹ̀lú àrùn tó jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ló ń kọlù lẹ́ẹ̀kan náà. Adìẹ tí a kì í so mọ́lẹ̀, tó ń jẹ ní ilé yìí, tó ń mu omi ní tọ̀hún, tó tún lè yé ẹyin sí ibi kẹta, kò sí bí ẹnì kan ṣe lè dá dáàbò bò ó. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ọjọ́ àjẹsára adìẹ gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀ ìlú, kí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì sì gbé e sínú ìṣúná wọn.

Àrùn yìí kì í ṣe àjèjì. Ọdún 1926 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní erékùṣù Java, ní Indonéṣíà òde òní, àti ní ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí orúkọ òyìnbó rẹ̀ ti wá. Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀, láàárín ìparí ọdún 1952 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1953. Ẹ kíyè sí àsìkò tó bọ́ sí: àárín gbùngbùn ọyẹ́ ni. Láti ìgbà náà wá, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, àsìkò kan náà ló ń padà wá, a sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé àlejò ń bọ̀.

Oògùn rẹ̀ kò sì jìnnà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, ti wà láti ọdún 1924, àwọn ni wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ àjẹsára adìẹ tí à ń lò ní orílẹ̀-èdè yìí. Lára ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní I-2. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Spradbrow àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà ló ṣàwárí rẹ̀ nítorí adìẹ abúlé gan-an, wọ́n sì fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ ní irúgbìn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé ó lè fara da ooru díẹ̀. Inú fìríìjì ló ṣì yẹ kí ó máa gbé, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, tàbí bí wọ́n bá fi ọ̀kadà gbé e láti Òmù-Àrán lọ sí Ekan-Méje nínú aṣọ tútù tí oòrùn kò kàn, kì í tètè bàjẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí iná mànàmáná ṣe rí ní agbègbè wa yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan béèrè pé kí ló dé tí ìwé ìròyìn yìí ń fi gbogbo ojú ewé sọ̀rọ̀ adìẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ ààbò wà nílẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ ààbò náà ni. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti pa Olúkòró ti Kòró, Ọ̀gágun-fẹ̀yìntì Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, ní oṣù kejì ọdún 2024, tí wọ́n sì tún ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC kan ní Èrúkù ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, tí wọ́n kó àwọn olùjọ́sìn lọ sínú igbó kí wọ́n tó rí ìtúsílẹ̀, oko ọ̀nà jíjìn ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ń ronú sí lẹ́ẹ̀mejì. Ohun ọ̀sìn tó wà ní àgbàlá ló kù tí èèyàn lè tọ́jú láìjáde nílé. Adìẹ ni owó ìwé ọmọ tí wọ́n lé wálé ní ọjọ́ Ajé. Òun ni owó oògùn ibà ní òru. Ìyàwó ilé lè tà á láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀ fún ewúrẹ́ tàbí màlúù. Tí lúkúlúkú bá gbá àgbàlá mọ́, ìyàwó ilé ló kọ́kọ́ fọwọ́ lérán.

A ń pariwo àwòdì ṣá o. Gbogbo ọmọdé ló mọ igbe tí wọ́n fi ń lé e, wọ́n á tún so aṣọ pupa mọ́ igi. Ṣùgbọ́n òròmọdìẹ kan ni àwòdì ń gbé lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí lúkúlúkú lè kó gbogbo agbo láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà ọyẹ́? Òtútù òwúrọ̀ àti eruku wà níbẹ̀, lóòótọ́, ara adìẹ kì í le nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí a kì í sábà sọ ni pé oṣù Ọ̀pẹ gan-an ni adìẹ máa ń rìnrìn àjò jù. Àwọn ọmọ wa ń ti Èkó, Ìlọrin àti Àbújá bọ̀ fún Kérésìmesì pẹ̀lú adìẹ nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn alájàpá ń kó o láti ọjà dé ọjà, wọ́n ń dì í ní ẹsẹ̀ pọ̀, ti Òkè-Èrò pẹ̀lú ti Ìrẹ́pọ̀dùn, èyí tó le pẹ̀lú èyí tó ń ṣàìsàn. Adìẹ tuntun tó dé lónìí ni wọ́n ń tú sílẹ̀ sáàárín àwọn ti ilé lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kó wà nínú àgò, níbi ọ̀tọ̀, pẹ̀lú omi àti oúnjẹ ọ̀tọ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bí àrùn bá ń bẹ lára rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì yìí ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a óò sọ láìbò ó mọ́lẹ̀, bó tilẹ̀ dun àwọn kan. Bí adìẹ kan bá ti kú nínú agbo, àṣà wa ni pé kí a yára kó ìyókù lọ sí ọjà kí owó má baà ṣòfò. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyà ni ó ń sá fún. Ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń gbé lúkúlúkú láti Ìlọ́fà dé Odò-Ọwá, láti Odò-Ọwá dé Ìdòfin. Kò sí òfin tí yóò dá a dúró, torí kò sí ọlọ́pàá tí yóò máa yẹ ojú adìẹ wò ní ọjà. Ohun kan ṣoṣo tó lè dá a dúró ni kí adìẹ tó wà nílé jẹ́ èyí tí wọ́n ti fún ní àjẹsára, kí ọkàn ẹni tó ni ín lè balẹ̀ pé gbogbo wọn kò ní kú.

Ní Mòsáńbíìkì, adìẹ abúlé ni wọ́n ń sin bíi tiwa, kò sì sí dókítà ẹranko ní gbogbo abúlé. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yan àwọn ará abúlé fúnra wọn, obìnrin púpọ̀ nínú wọn, wọ́n kọ́ wọn ní bí a ṣe ń kán I-2 sí ojú adìẹ, wọ́n sì mú oṣù mẹ́ta nínú ọdún: oṣù kẹta, oṣù keje àti oṣù kọkànlá. Olúkúlùkù ń san owó kékeré lórí adìẹ kọ̀ọ̀kan, èyí ló sì ń padà ra ìgò tó kàn. A fẹ́ràn èyí ju oògùn ọ̀fẹ́ lọ. Oògùn ọ̀fẹ́ máa ń wá lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú fọ́tò àti àsíá, lẹ́yìn náà a kì í gbúròó rẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ náà kò le. Ìdájí ni wọ́n ń ṣe é, kí wọ́n tó tú adìẹ sílẹ̀, torí ẹni tó bá dúró di ìgbà tí oòrùn yọ yóò sáré títí. Ẹni tó ń kán an yóò gbé adìẹ sí abẹ́ abíyá, yóò dẹ orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò gbé ìgò kékeré náà dúró ṣánṣán lókè ojú láìjẹ́ kó kan ẹyinjú. Ẹ̀kán kan ṣoṣo. Yóò dúró títí adìẹ fi ṣẹ́jú kí ó tó fi í sílẹ̀. Bí ẹ̀kán náà bá ṣàn dànù, yóò kán òmíràn. Bí ẹ̀kán àkùkọ ṣe tó náà ni ti òròmọdìẹ tó yọ lánàá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ara adìẹ yóò tó gbàra dì, nítorí náà ẹni tó bá dúró di ìgbà tí adìẹ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kú ti pẹ́ jù. Àjẹsára kì í wo adìẹ tó ti ń ṣàìsàn sàn. Fún agbègbè tiwa, a rò pé oṣù kẹwàá, oṣù kejì àti oṣù kẹfà ló bá a mu. Ti oṣù kẹwàá ni kò gbọdọ̀ yẹ̀ rárá.

Àwọn kan ń po irú àjẹsára mìíràn sínú omi mímu. Ó dára fún oko ńlá tí adìẹ wà nínú ilé. Fún adìẹ tó lè lọ mu omi kòtò tó bá wù ú, ta ni yóò mọ èyí tó mu ún àti èyí tí kò mu ún? Omi ẹ̀rọ tí wọ́n bu kẹ́míkà sí sì máa ń pa á kó tó dé ọ̀fun adìẹ.

Àjẹsára kì í ṣe gbogbo nǹkan o. Iṣẹ́ ilé kù, onílé ló sì ni ín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyẹ́. Ẹ gbé àgbébọ̀ kan, ẹ ṣí ìyẹ́ ìdí rẹ̀ wò lábẹ́ ìrù. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó ṣù jọ mọ́ ìdí ìyẹ́, ẹyin iná adìẹ nìyẹn, ẹ óò sì rí àwọn fúnra wọn tí ń sá nítorí ìmọ́lẹ̀. Iná kì í kúrò lára adìẹ. Oògùn tí a bá fi sí ara ló ń rí i. Àwọn kòkòrò pupa wínníwínní kan tún wà tí ìwà wọn yàtọ̀. Inú pàlàpálá igi tí adìẹ ń sùn lé ni wọ́n ń fara pamọ́ sí lọ́sàn-án, òru ni wọ́n ń jáde mu ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó yẹ adìẹ wò ní ọ̀sán kò ní rí nǹkan kan. Ó di alẹ́ kí ẹ fi aṣọ funfun nu abẹ́ igi náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kùn ún, wọ́n ti wà níbẹ̀. Omi gbígbóná tó ń hó àti kẹrosíìnì tí a fi kun pàlàpálá igi náà ni tiwọn. Ẹ má ṣe fi oògùn kòkó tàbí oògùn ẹ̀wà sí ara ohun tí ẹ máa jẹ. Bí adìẹ tó ń sàba bá ṣàdédé fi ẹyin sílẹ̀, àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ yẹ ìtẹ́ wò kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ aláwo. Kòkòrò yìí lè lé e dìde. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n ń da eérú gbígbẹ mọ́ erùpẹ̀ sínú agbada fífọ́ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí adìẹ lè máa yíra nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àṣà yẹn parẹ́.

Ti aràn le ju bí a ṣe rò lọ. Aràn funfun gbọọrọ tí a máa ń rí nínú ìfun nígbà tí a bá ń tún adìẹ ṣe, inú ìgbẹ́ ni ẹyin rẹ̀ ń gbà wọ ẹnu adìẹ mìíràn. Oògùn tí wọ́n ń pè ní piperazine, tó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹranko, ń pa èyí. Ṣùgbọ́n aràn pẹlẹbẹ kò bìkítà fún un. Láti inú èèrà àti yímíyímí tí adìẹ ń ṣà jẹ ló ti ń wá. Èèyàn á lo piperazine lẹ́ẹ̀mẹta, adìẹ á ṣì máa rù, á ní oògùn ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Oògùn náà lè má ṣe ayédèrú, kó jẹ́ pé aràn mìíràn ni. Ẹ mú èyí tí ẹ rí nínú ìfun lọ fi han dókítà ẹranko. Ẹ bi í pẹ̀lú pé ọjọ́ mélòó ló gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó jẹ ẹyin adìẹ tó lo oògùn.

Òròmọdìẹ tó ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ní àsìkò òjò, ilẹ̀ tútù ló ń fún àrùn rẹ̀ láyè. Abẹ́ àgò ni ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. A ń fi àgò bo ìyá àti ọmọ sójú kan náà fún ọjọ́ mẹ́wàá nítorí àwòdì, omi ń dà sílẹ̀, ìgbẹ́ ń lẹ̀ mọ́ oúnjẹ, àrùn á gbó síbẹ̀. Kí a máa sún àgò náà sí ilẹ̀ gbígbẹ lójoojúmọ́, kí a sì gbé abọ́ omi lé orí bíríkì, ó tó. Àrùn tó ń yọ kókó dúdú sí ogbe àti ẹ̀gbẹ́ ojú adìẹ, tí àwọn àgbà kì í fẹ́ pè ní ìgbóná tààrà, ẹ̀fọn wà lára ohun tó ń gbé e kiri. Agolo àti táyà tó gba omi sílẹ̀ ní àgbàlá ni kí a kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ má sì sin tòlótòló pọ̀ mọ́ adìẹ. Aràn kékeré kan tí kì í ṣe adìẹ ní nǹkan ló ń gbé àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń pa tòlótòló.

Àrùn kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ṣe ọ̀rọ̀ àdúgbò nìkan. Oṣù kejì ọdún 2006 ni wọ́n fìdí àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 múlẹ̀ ní oko ńlá kan ní Jájì, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló pa obìnrin kan ní Èkó. Ó tún padà wá ní ọdún 2015. Àjẹsára lúkúlúkú kò lè dá a dúró. Bí adìẹ púpọ̀ bá kú lójijì láàárín ọjọ́ kan sí méjì, tí orí wú, tí ogbe di aró, kí ẹnikẹ́ni má pa èyí tó kù jẹ, kí ọmọdé má sì fọwọ́ kàn án. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko. Òkú adìẹ, yálà ti lúkúlúkú ni tàbí ti èyí, inú kòtò jíjìn ló ń lọ, kì í ṣe etí odò, kì í sì í ṣe ààtàn tí ajá ti lè wọ́ ọ káàkiri.

Ó wá ku ìjọba. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999, ní àfikún kẹrin rẹ̀, ka ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ́ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ní Aràròmí-Ọ̀pin àti ní Ìlọ́fà ni pé owó kò dé ọwọ́ àwọn. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá. A mọ̀ pé ìdájọ́ lórí ìwé àti owó lọ́wọ́ kì í ṣe nǹkan kan náà. Síbẹ̀, ohun tí à ń béèrè kò pọ̀: fìríìjì oòrùn kan ní olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin tàbí obìnrin méjì tí wọ́n kọ́ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àti owó ìgò àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀, owó tí àwọn onílé ń san ni yóò máa ra ìyókù.

Ẹni tí yóò kọ́ wọn kò jìnnà. Yunifásítì Landmark wà ní Òmù-Àrán nítòsí, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni wọ́n fi ń yangàn láti ọdún 2011 tí wọ́n dá a sílẹ̀. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kán ojú adìẹ ẹgbẹ̀rún kan ní Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀ tàbí ní Ekan-Méje kí ó tó gboyè, ó ti mọ nǹkan tí kò sí nínú ìwé. Àwọn ọba wa ni kí wọ́n mú ọjọ́, kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ọjọ́ Ìsinmi. Kí wọ́n kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí akígbe sì tún un ké ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà pé kí olúkúlùkù ti ilẹ̀kùn ilé adìẹ mọ́ wọn títí àwọn tó ń kán àjẹsára yóò fi dé.

Àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì yóò gbé ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ síwájú ìgbìmọ̀ wọn kí ọdún yìí tó parí. A óò wá ìlà tí wọ́n kọ àjẹsára adìẹ sí nínú rẹ̀, a óò sì tẹ iye tó wà níwájú rẹ̀ jáde ní ojú ewé yìí, bó jẹ́ òdo náà ni.